Ìwé Ló Ń Mú Irin Léfòó: Ìkankọ̀ àti Títi Ọkọ̀ Sómi ní Ìgbẹ̀yìn Ayé Ọbabìnrin Victoria

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì ń tì í sómi, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tó kẹ́yìn ìjọba Victoria, ọbabìnrin tó gorí oyè ní 1837, tó sì wàjà ní 1901. Ẹlòmíràn lè máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé kí ló kan Yorùbá Prince George's County ní Maryland nípa ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní Glasgow tàbí London kí bàbá bàbá wa tó gbọ́njú. Ó kàn wá. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé irin, èédú, owó àti ìgboyà kò tó láti sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀gá òkun láyé ìgbà náà. Òpó tó gbé iṣẹ́ náà ró ni ìṣirò tí wọ́n kọ sílẹ̀, àwòrán tí wọ́n yà, àti àkọsílẹ̀ àṣìṣe tí wọ́n tọ́jú kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà tún un ṣe. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà ní Scotland, ó wà ní Èkó, ó sì wà nínú County tí à ń gbé yìí, ní Bladensburg, ní Fort Washington àti ní College Park.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Orí ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ́nà omi ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ńlá. Wọ́n á tẹ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sórí ìtì igi, wọ́n á gbé egungun ìhà sí i lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á wá fi ìṣó tí iná ti sọ di pupa kan awẹ́ irin mọ́ ọn lára. Ní nǹkan bí 1880, sítíìlì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò irin àtijọ́, nítorí pé ó fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ó sì lágbára jù ú lọ. Nígbà tí ara ọkọ̀ bá pé, wọ́n á ṣe ojú ọ̀nà igi sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá ẹran àti ọṣẹ rírọ̀ kùn ún kí ó máa yọ̀, wọ́n á sì rọra gbé ìwúwo ọkọ̀ náà kúrò lórí ìtì igi, kí ó lè bọ́ sórí ọ̀nà ọlọ́ràá yìí. Bí wọ́n bá ti gbá ìdènà tó kẹ́yìn kúrò, kò sí ọmọ aráyé tó lè pè é padà. Ìdí ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sómi. Bí omi bá ti ń gbé ìdí rẹ̀ sókè, gbogbo ìwúwo tó kù á dà sórí iwájú tó ṣì wà lórí ilẹ̀. Bí ojú ọ̀nà bá kúrú jù, tàbí tí omi kò jìn tó, ọkọ̀ náà lè dá sí méjì níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta kàn, ìṣẹ́jú kan péré ló máa ń pinnu bóyá yóò yè tàbí yóò bàjẹ́.

Ìṣẹ́jú kan yìí ni gbogbo ìlú máa ń wá wò. Wọ́n á so àsíá, ẹgbẹ́ onífèrè á máa fọn, obìnrin ọlọ́lá kan á wá fọ́ ìgò ṣáńpéènì mọ́ imú ọkọ̀, á sì dárúkọ rẹ̀. Àríyànjiyàn pàápàá máa ń wà lórí ohun tó yẹ kó wà nínú ìgò. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, 1898, ní Newport News ní Virginia, ọmọ gómìnà ìpínlẹ̀ Kentucky, Christine Bradley, fi omi láti inú ìsun ibi tí wọ́n ti bí Abraham Lincoln sọ ọkọ̀ ogun Kentucky lórúkọ, torí pé àwọn tó kórìíra ọtí ń wo ìjọba. Àwọn tí ọtí wù kò gbà. Wọ́n ju ìgò ọtí wisikí lu ara ọkọ̀ náà bó ṣe ń lọ. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Àwa náà kì í ti ọkọ̀ tuntun sójú ọ̀sà láìṣe àdúrà sí i, a sì mọ̀ pé ohun tí à ń ṣe lójú èèyàn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kọ́ ló ń tọ́ ọmọ. Ìgò tó fọ́ kò mú ọkọ̀ kankan dúró lójú omi. Ohun tó mú un dúró ti parí nínú yàrá àwọn ayàwòrán, ọ̀pọ̀ oṣù kí àwọn onífèrè tó dé.

Ẹ̀rí kìíní ni ti ọkọ̀ Daphne. Ní ọjọ́ 3, oṣù Keje, 1883, ilé iṣẹ́ Alexander Stephen and Sons ti ọkọ̀ kékeré yìí sínú odò Clyde ní Linthouse, ní Glasgow. Kí iṣẹ́ lè tètè parí, wọ́n jẹ́ kí nǹkan bí igba òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, káfíńtà, alágbẹ̀dẹ àti ọmọ iṣẹ́, pẹ̀lú irinṣẹ́ àti ẹrù tí wọn kò dè mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà bọ́ sómi dáadáa, àmọ́ kí wọ́n tó mọ̀, ó fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, ó dojú dé, ó sì rì. Èèyàn 124 ló kú, àwọn ọmọdékùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ sì wà lára wọn. Ìjọba rán Sir Edward Reed, ògbóǹkangí nínú iṣẹ́ ìkankọ̀, pé kó wá wádìí. Ohun tó rí ni pé ọkọ̀ náà kò ní ìdúróṣinṣin tó bó ṣe wà lọ́jọ́ náà: òkè rẹ̀ wúwo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, bí ẹni ru igbá omi láìlo òṣùká, gẹ́rẹ́ tí èèyàn àti ẹrù rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ bùṣe. Irin tí wọ́n lò kò lábùkù. Àwọn tó kàn án mọṣẹ́. Ìṣirò tí ì bá sọ fún wọn pé ọkọ̀ yìí kò lè gba ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìtìsómi ni wọn kò ṣe. Lẹ́yìn Daphne, àwọn ilé ìkankọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ìdúróṣinṣin ọkọ̀ fún ọjọ́ ìtìsómi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀ fún ojú òkun, wọ́n sì dín iye èèyàn tó ń wà nínú rẹ̀ kù. Ikú 124 di ìlànà, torí pé ẹnìkan jókòó, ó wádìí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé kà.

Ẹ̀rí kejì fi ibi tí ìṣirò náà kù sí hàn. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, 1898, ilé iṣẹ́ Thames Ironworks ti ọkọ̀ ogun Albion sómi ní Blackwall, ní ìlà oòrùn London. Aya Dúùkù ti York ló wá sọ ọ́ lórúkọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò sì pé jọ. Ọkọ̀ náà lọ geere, kò fara pa rárá. Ṣùgbọ́n ìgbì omi tó tì sókè ru bo pèpéle igi kan tí èrò kún fọ́fọ́, ó gbá wọn sínú odò, èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n sì kú, ọ̀pọ̀ wọn obìnrin àti ọmọdé. Ariwo ayọ̀ bo igbe wọn mọ́lẹ̀. Àwọn tó mọ ìwúwo Albion dé orí ìṣó kò fi omi tí yóò lé kúrò àti àwọn èèyàn tó wá wò ó kún ìṣirò wọn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé àkọsílẹ̀ ni òpó, mi ò sọ pé ẹni tó ní ìwé kì í ṣìnà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí ìwé bá dé ni ọgbọ́n ń dé; ohun tí wọn kò bá kà mọ́ ìṣirò, òun náà ló ń padà wá gbẹ̀san.

Ẹnìkan á wí pé, Ọ̀gbẹ́ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ìwé sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní irin, wọ́n ní èédú, wọ́n sì ti kó ọrọ̀ ayé jọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kan èyí tó ju ìdajì lọ nínú ọkọ̀ ìṣòwò ayé nígbà náà. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, Amẹ́ríkà ni yóò sì dá a lóhùn. Orílẹ̀-èdè yìí ní irin ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, ó ní èédú, igbó rẹ̀ kò lópin, owó rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Síbẹ̀, lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé, àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ di ohun ìfiṣẹ̀sín. Ní 1883 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n kan mẹ́rin tuntun tí wọ́n fi sítíìlì ṣe: Atlanta, Boston, Chicago àti Dolphin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ síwájú, kí ni wọ́n lọ rà ní òkè òkun? Wọn kò ra irin, wọn kò ra èédú. Ìwé ni wọ́n rà. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Armstrong ní England ni àwòrán ọkọ̀ ogun Charleston ti wá, èyí tí wọ́n tì sómi ní San Francisco ní 1888. Láti ibẹ̀ kan náà ni ti Baltimore ti wá, ọkọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú tí kò jìnnà sí wa yìí, tí wọ́n sì tì sómi ní Philadelphia lọ́dún kan náà. Àwòrán Texas, tí wọ́n tì sómi ní Norfolk ní 1892, iṣẹ́ ọwọ́ William John láti Barrow ní England ni. Irin Amẹ́ríkà, ọwọ́ Amẹ́ríkà, odò Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n orí ìwé ni kò tíì sí nílé, wọ́n sì lọ yá a. Yorùbá ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Wọn kò fi mọ sórí yíyá. Wọ́n rán àwọn ọmọ tó mú jù lọ nínú ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ojú omi wọn ní Annapolis, ní Maryland níbí, lọ sí Greenwich àti Glasgow láti kọ́ ìmọ̀ ìkankọ̀. Glasgow ni opó kan, Isabella Elder, ti fi owó dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìkankọ̀ sílẹ̀ ní 1883, ọdún kan náà tí Daphne rì. David Watson Taylor, ọmọ Virginia tó gba ipò kìíní ní Annapolis ní 1885, wà lára àwọn tó lọ sí Greenwich. Ní England, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Froude ti kọ́ adágún omi gígùn kan ní Torquay ní nǹkan bí 1872, níbi tó ti ń fa àpẹẹrẹ ọkọ̀ kéékèèké lórí omi, tó ń wọn agbára tí omi fi ń dá wọn dúró, tó sì ń fi ìṣirò mọ iye agbára tí ọkọ̀ gidi yóò gbà kí wọ́n tó gé awẹ́ irin kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ Denny ní Dumbarton kọ́ tirẹ̀ ní 1883. Nígbà tí Taylor padà dé, ó jà fún irú rẹ̀ títí ìjọba fi gbà, wọ́n sì kọ́ ọ sínú Washington Navy Yard ní ìparí àwọn ọdún 1890, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 470. Etí odò Anacostia ló wà. Odò Anacostia kan náà tó ń ṣàn gba Bladensburg kọjá ni, ìrìn maili díẹ̀ sì ni láti Bladensburg dé ibẹ̀.

Mo mẹ́nu ba Bladensburg, mi ò sì gbọdọ̀ sáré kọjá, torí pé òun ló dáhùn àtakò náà tán pátápátá. Ní 1742 ni wọ́n dá ìlú yẹn sílẹ̀. Èbúté ńlá ni. Ọkọ̀ òkun ń gòkè Potomac, wọ́n ń yà sí Anacostia, wọ́n ń wá kó tábà ní Bladensburg. Oníṣòwò kan wà níbẹ̀, Christopher Lowndes, tó ń ta ọjà, tó ń ta èèyàn bíi tiwa lẹ́rú, tó sì ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń lọ́ okùn ọkọ̀. Ilé rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1746, Bostwick, ṣì dúró níbẹ̀ títí dòní. Igi wà, owó wà, òṣìṣẹ́ tí wọn kò san kọ́bọ̀ fún wà, odò sì jìn. Ṣùgbọ́n wọ́n pa igbó run nítorí tábà, òjò ń fọ ilẹ̀ oko sínú odò lọ́dọọdún, ẹrẹ̀ ń gòkè, omi ń fà. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi máa dé ìdajì, ọkọ̀ òkun kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ní ìgbà tí Clyde ń ti ọkọ̀ sítíìlì sómi lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlú tó ti kan ọkọ̀ kí ọ̀pọ̀ ilé ìkankọ̀ òde òní tó fojú kan ayé ti di ibi tí ọkọ̀ kékeré nìkan lè dé. Odò Clyde náà kò fi bẹ́ẹ̀ jìn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Glasgow ló wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n gbẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ lọ́dọọdún. Níbi tí wọ́n ti ń wọn odò, odò di ọrọ̀. Níbi tí wọn kò ti wọ̀n ọ́n, ọrọ̀ di ẹrẹ̀.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ó ní ojú àánú. Àwọn kan á sọ pé bí a bá ń yin ìwé, ṣé a kò ní gbàgbé ọwọ́? Ta ló gbá ìṣó mọ́ irin? Ta ló dití nítorí ariwo òòlù? Òótọ́ ni, Baltimore sì ni mo fẹ́ fi jẹ́rìí. Iṣẹ́ fífi fọ́nrán okùn àti ọ̀dà dí àlàfo àárín pákó ọkọ̀, kí omi má baà wọlé, ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ló wà ní Baltimore fún ọ̀pọ̀ ọdún. Frederick Douglass kọ́ iṣẹ́ yìí níbẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ẹrú. Ní 1865, lẹ́yìn tí ogun parí, àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun daṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Isaac Myers, ọmọ Baltimore tó ti kọ́ iṣẹ́ náà láti kékeré, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jókòó sunkún. Wọ́n ta ìpín ìdókòwò láàárín ara wọn, wọ́n sì dá Chesapeake Marine Railway and Dry Dock Company sílẹ̀, ilé iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń tún ọkọ̀ ṣe, tó sì gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́. Ó gbà wọ́n, ó san owó wọn, ó sì rí iṣẹ́ ìjọba gbà. Ṣùgbọ́n ní 1884 ó kógbá sílé. Ilẹ̀ tó dúró sí kì í ṣe tirẹ̀, owó ilẹ̀ náà sì wọ́n sí i. Bákan náà, ọkọ̀ onípákó ń lọ, ọkọ̀ onírin ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ọ sí pé ọwọ́ wọn kò mọṣẹ́. Ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí iṣẹ́ yí padà, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò irin àti ìyàwòrán ọkọ̀ wà ní títì mọ́ wọn, ìwé ilẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ó ti gba ọ̀la rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ tí a ní sí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ló yẹ kó mú wa bèèrè pé kí ìwé dé ọwọ́ náà.

Àtakò kẹta ti inú ilé wá. Àwọn bàbá wa gbẹ́ ọkọ̀ láti inú ìtì igi kan ṣoṣo, wọ́n fi tu ọ̀sà láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, wọn kò ya àwòrán kankan. Ṣé a máa wá sọ pé wọn kò gbọ́n ni? Ó tì o. Yorùbá tó sọ pé bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, mọ ohun tó ń sọ. Babaláwo tó fi ọ̀pọ̀ ọdún há ẹsẹ Ifá sórí fi hàn pé ìrántí ẹnu lè ní òfin àti ìyẹ̀wò tirẹ̀, ọgbẹ́nà tó mọ inú igi láti òde rẹ̀ sì ń ṣe ìṣirò, bí kò tilẹ̀ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n gígùn igi ni ààlà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà lójú kan kí ọgbọ́n tó lè kọjá láti orí sí orí. Ọkọ̀ ogun tí ìwúwo rẹ̀ lé ní 10,000 tọ́ọ̀nù kò lè gba bẹ́ẹ̀. Ìlú kan ló ń yọ́ sítíìlì rẹ̀, òmíràn ló ń rọ ẹ̀rọ rẹ̀, òmíràn ló ń ṣe ìbọn rẹ̀, àwọn tó ń ṣe é kò sì ní fojú kan ara wọn láéláé. Àwòrán nìkan ló lè mú kí ihò inú irin tí ẹnìkan lu ní Sheffield bá ìṣó tí ẹlòmíràn mú dání ní Glasgow mu. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá lo ìwé, kò tàbùkù àrọ́bá. Ó kàn fún un ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn dé ibi tí ẹnu kò lè dé ni.

Àtakò kẹrin ni èyí tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò dá. Àwọn ọkọ̀ tí à ń sọ yìí ni wọ́n fi gba ilẹ̀ wa. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò. Ní 1892, ojú ọ̀sà ni àwọn ọmọ ogun gbà láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó kọlu Ìjẹ̀bú. Láàárín àkókò kan náà, epo pupa àti èkùrọ́ wa ń bá ọkọ̀ lọ sí Liverpool, kò sì sí ọ̀kan nínú ọkọ̀ òkun wọ̀nyẹn tí wọ́n kàn ní Èkó. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Amẹ́ríkà ṣe nígbà tí ẹ̀rù ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ba òun náà. Ní 1885, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Endicott kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ṣírò ohun tí ìbọn ọkọ̀ ogun tuntun lè ṣe sí ìlú etí omi kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Fort Washington, odi àtijọ́ tó wà létí Potomac nínú County wa níbí, fi ní àwọn ibùdó ìbọn oníkọnkéré tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1890. Ẹni bá rìn lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé á rí wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n yà sórí ìwé ní England ló mú kí wọ́n da kọnkéré sílẹ̀ ní Maryland. Ẹni tí ọkọ̀ ń bọ̀ wá bá ni ìmọ̀ ọkọ̀ kàn jù. Pé wọ́n fi ìmọ̀ ṣe ibi sí wa kì í ṣe ìdí tó fi yẹ ká fi ìmọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe ibi náà.

Japan mọ èyí. Ọkọ̀ ogun rẹ̀ Shikishima wà lórí ilẹ̀ Thames Ironworks lọ́dún tí ìjàǹbá Albion ṣẹlẹ̀, wọ́n sì tì í sómi nínú oṣù Kọkànlá 1898. Ṣùgbọ́n bí Japan ṣe ń ra ọkọ̀ ni ó ń rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́, kò sì pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ogun ńlá tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Nàìjíríà ńkọ́? Ní 1959 a dá Nigerian National Shipping Line sílẹ̀, a ra ọkọ̀, a so àsíá, a jó. Ní 1995 ilé iṣẹ́ náà wọlẹ̀. Ọkọ̀ tí a rà ń gbó, ìmọ̀ tí ì bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kò sì sí nílé. Ẹni tó bá sọ pé a kò lè ṣe é, kó lọ wo NNS Andoni, ọkọ̀ ogun kékeré tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà kàn ní Èkó, tí ó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ní 2012. Ìbẹ̀rẹ̀ gidi ni. Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ Yorùbá bèèrè lórí rẹ̀ kọjá iye tó náni àti ẹni tó wá ṣí i: ṣé àwòrán rẹ̀ wà ní ìpamọ́, ṣé wọ́n kọ ohun tó ṣòro sílẹ̀, ṣé ẹni tí yóò kan ìkarùn-ún lè kà nípa àṣìṣe tí wọ́n ṣe nínú ìkíní? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a ti ní ilé ìkankọ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ayẹyẹ la ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni College Park. Ní ojú ọ̀nà Adelphi, nínú County yìí, ni ilé ńlá National Archives tí wọ́n ṣí ní 1994 wà. Lára ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà kó pa mọ́ síbẹ̀ ni ìwé ẹ̀ka tó ń bójú tó ìkankọ̀ ogun, àwòrán ọkọ̀ láti ìgbà pákó dé ìgbà sítíìlì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ náà fúnra wọn ti tán nílẹ̀. Wọ́n ti rì tàbí kí wọ́n ti tà wọ́n fún alágbẹ̀dẹ. Ìwé wọn ṣì wà. Ìwé ìdánimọ̀ ni wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ yín, wọ́n á fún yín ní káàdì olùṣèwádìí lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó sì jókòó ti ohun tí orílẹ̀-èdè yìí fi di alágbára lórí òkun. Ọ̀pọ̀ wa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, tí a kò sì mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún wa.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni mo fi parí. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ràn ìṣirò àti ìyàwòrán, ẹ má fi orúkọ dókítà tàbí lọ́yà dí i lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ìkankọ̀ wà ní orílẹ̀-èdè yìí, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ìran Isaac Myers sì ti ṣí. Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́, ẹ ṣètò kí àwọn ọ̀dọ́ wa lọ sí College Park, sí Fort Washington àti sí etí odò Bladensburg láàárín ọdún yìí, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, tó ń kọ́lé, tó ń darí ẹgbẹ́ tàbí ìjọ, ẹ kọ bí ẹ ṣe ń ṣe é sílẹ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ ti ṣìnà sílẹ̀, kí ẹ sì fi í sí ibi tí ọmọ ọlọ́mọ lè bá a. Iṣẹ́ tí kò ní àkọsílẹ̀ máa ń bá ẹni tó ṣe é wọlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tiwa kù fún àwọn tó ń bọ̀.